Oríkì Tuntun fún Túnmiṣe

Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Ànúolúwa,

Mo kí yín, mo kí gbogbo ará ilé. Ṣé kòkó so dáadáa? Orúnkún ṣì ń dùn mí nínú òtútù Rexdale ní Kánádà níbí.

Oyinkán, ọmọ-ọmọ mi tí a bí ní obìnrin, ní ọkùnrin ni òun, ká máa pe òun ní Túnmiṣe. Bàbá rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ilé ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ bíi tirẹ̀ nìkan ló ti ń rẹ́rìn-ín; èmi ni mò ń mú un lọ. Lará, olórí wọn, ló ń bá mi kọ̀wé yìí.

Láàárọ̀ àná, mo pe oríkì rẹ̀, Àbẹ̀kẹ́. Ó bú sẹ́kún: "Grandpa, èmi kọ́ nìyẹn."

Ẹ̀yin lẹ ń sọ ọmọ lóríkì nílé wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún un ní ti ọkùnrin. Ẹ má ní kò ṣeé ṣe.

Ọlọ́run á dá yín sí. Mi ò mọ ohun tí n ó pè é láàárọ̀ ọ̀la.

Àbúrò yín,
Ọláníyan