Erin Nínú Ọkọ̀ Bàámi

Ajé, 3 oṣù Kẹta
Bàámi lajú lónìí. Kò sọ̀rọ̀. Orí rẹ̀ ló fara gbá nígbà tí ọkọ̀ ẹrù rẹ̀ dojú dé. Dókítà ní ká máa bá a sọ̀rọ̀, àmọ́ ká má tíì sọ fún un pé Gìrìpá ti kú — ẹ̀gbọ́n mi tó wa ọkọ̀ náà. Bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn ló ń sọ̀rọ̀, dókítà yẹn. Ẹtì tó kọjá la sin Gìrìpá. Màámi nu omijé nù kó tó wọ yàrá.

Ọjọ́rú, 5
Kí ni n ó bá a sọ? Mo rántí eré wa, "Ẹ Dirù." Ní ọjọ́ Àìkú tí Bàámi ò bá wakọ̀, gbogbo wa á rọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Bàámi á ní: mo gbé àga sọ́kọ̀. Màámi á ní: mo gbé àga, mo gbé ìkòkò. Ó kan Gìrìpá, lẹ́yìn náà èmi. Tí o bá gbàgbé ẹrù kan, o bọ́ lọ́kọ̀ nìyẹn. Gìrìpá — erin ni, nígbà gbogbo! Bàámi á figbe ta: yéè, táyà mi! Mo máa ń rẹ́rìn-ín títí n ó fi tọ̀ sára. Lónìí, ẹkún ni mo sun.

Ẹtì, 7
A gbìyànjú ẹ̀. Mo bá Bàámi gbé àga. Màámi gbé ìkòkò. Mo fo Gìrìpá, mo gbé fìtílà. Bàámi kọjú sógiri. Nọ́ọ̀sì ní ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Àbámẹ́ta, 8
Kò sí nǹkan kan.

Àìkú, 9
Ó sọ ọ́! "Àga." Ohùn rẹ̀ há, àmọ́ àga ni! Màámi gbé ìkòkò. Mo tún gbé fìtílà. Bàámi mi orí pé rárá. Ilẹ̀kùn ló ń wò. Ẹni tó kàn ló ń dúró dè. Ọlọ́run mi.
Màámi ní ká kúkú sọ fún un. Ẹ̀rù ń bà mí — tó bá gbọ́, tí ẹnu yẹn tún padé ńkọ́?

Ìṣẹ́gun, 11
N kò lè fò ó mọ́. Nígbà tó kan Gìrìpá, mo fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bíi tiẹ̀, mo ní: erin. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàámi di ọwọ́ mi mú. Ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀: àga, ìkòkò, erin, fìtílà. Kò gbàgbé ìkankan. Ó wá yíjú sí Màámi, ó bi í, ketekete:
"Ìgbà wo lẹ sin ín?"