Ìwé Tí Mo Yìn Láìkà á Tán

Ẹ̀gbọ́n mi Zoraida,

Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú Kérésìmesì, ní ọdún tí òkun gbé ọkọ yín lọ, ni mo ṣẹ̀ yín: mo yin ìwé kan fún yín láìkà á tán. Mo kí yín, mo kí àwọn ọmọ ní Montevideo. Ara Màmá ti ń balẹ̀. Kọfí ló wọ́n ní Cienfuegos.

Nínú ẹgbẹ́ òǹkàwé wa, oníkálukú a máa sọ ìwé tó ń kà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá kà á parí kò gbọdọ̀ yìn ín fún ẹlòmíràn. Nígbà tí mo yìn ín fún yín, ẹ bi mí pé, "Àbúrò, ṣé ẹnì kankan ò kú sómi nínú ẹ̀?" Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ìfẹ́ ni látòkè délẹ̀." Ojú ìwé mẹ́wàá péré ni mo kà. Ẹ bá òkú inú òkun pàdé níbẹ̀, ẹ kò sì ṣí ìwé mọ́.

Mo jẹ́wọ́ níwájú ẹgbẹ́ ní Sátidé tó kọjá. Ìyá Migdalia, àgbà ẹgbẹ́ wa, ní, "Injiníà, ẹnu lo fi ń kàwé, kì í ṣe ojú."

Àyà mi ń já pé ẹ lè má ṣí ìwé tuntun tí mo fi ránṣẹ́, ìtàn àgbẹ̀ ọlọ́sàn kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà á wò. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹkún tún wọ ilé yín. Mo kà á parí lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi lé Nicanor aládùúgbò wa, tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, lọ́wọ́ láàárọ̀ yìí.

Àbúrò yín,
Evelio