Àwọn Lẹ́tà Tí Mi Ò Tíì Fẹ́ Mọ Orúkọ Wọn

                                        Ojúlé Kẹrìnlá, Ẹ̀yìn Ilé Omi,
                                        Ogida,
                                        Ìlú Bìní.
                                        Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Ìyá Èyítọ́pẹ́, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. O kú ọ̀gbẹlẹ̀, o kú eruku. Ṣé orúnkún yẹn ti ń jẹ́ kí o gun òkè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì? Èyítọ́pẹ́ ńkọ́? Àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọ́n ń jẹun, ṣé wọ́n ń gbọ́ràn? Àwa náà wà níbí. Eyín mi kan tún ti yọ. Kò dùn mí, ó ti pẹ́ tó ti ń mì.

Má bínú pé èsì mi pẹ́. Láti ìgbà òjò ni ìwé tí o fi ọwọ́ ara rẹ kọ ti dé. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin tó lọ jókòó ní kíláàsì àgbà, tó sì mọ̀wé, o gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ìwé rẹ dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé mi, kò sì yẹ kí n fi pamọ́ fún ọ.

O mọ Ṣùbòmí, ọmọ Akínfẹ́mi ọmọ mi, tó ń bá mi gbé. Báńkì kan ní Airport Road ló ti ń ṣiṣẹ́. Tó bá di Sátidé, á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, á máa ya lẹ́tà. Kì í ṣe pé ó ń kọ̀wé o. Ìrísí lẹ́tà gan-an ló ń yà, irú èyí tí ẹnikẹ́ni kò yà rí, tí ènìyàn lè fi tẹ ìwé. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́. Ó kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Èmi ti rò pé bí igi ṣe ń hù ni lẹ́tà ṣe wà. Mi ò mọ̀ pé ènìyàn ló ń jókòó yà wọ́n.

Ọmọ náà kì í bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo sọ Yorùbá, ó fi Píjìn dáhùn, ọ̀rọ̀ tán. Lọ́jọ́ kan ló yí kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ mi pé kí n wo lẹ́tà kan. Mo ní, "Eléyìí fẹ́ ṣubú." Ó wò ó, ó tún un ṣe. Mo ní, "Èyí tó tẹ̀ lé e lóyún, oyún náà sì ti lọ sílẹ̀ jù." Ó rẹ́rìn-ín títí, ó tún un ṣe. Bó ṣe di pé gbogbo Sátidé là ń jókòó pọ̀ nìyẹn. Ó ní ẹni tó mọ̀wé kì í rí lẹ́tà mọ́, orúkọ rẹ̀ ló ń gbọ́. Pé èmi ló ń rí ara wọn.

Òótọ́ ni. Mo ń rí wọn, ọ̀rẹ́ mi. Lọ́sàn-án tí òjò bá ń rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tí oorun ń kùn mí díẹ̀díẹ̀, mo máa ń wò wọ́n bí ẹni ń wo ará ìlú kan láti òkèèrè. Ọ̀kan fọwọ́ lẹ́rán. Ọ̀kan ru korobá. Àwọn méjì kan fara ti ara wọn, wọ́n di ara wọn mú níbàdí kí ẹnì kan má baà ṣubú. Bí mo bá wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ sí Uselu, pátákó ṣọ́ọ̀bù á máa kọjá lójú mi, àwọn lẹ́tà ara wọn á máa rìn lọ jẹ́ẹ́jẹ́, wọn ò ní bi mí ní nǹkan kan.

Ìwọ wá kọ̀wé. Ṣùbòmí kà á fún mi. Ojú ìwé kejì kún dé ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dé àárín, ó fò lọ síbi tí o ti ní ó dàbọ̀. Mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí nǹkan kún dé. Mo mú ìwé náà tọ Ọ̀gbẹ́ni Ọláyọdé lọ, tó ń kọ́ àwọn àgbà níwèé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní gbogbo Túsìdeè. Òun ló ka ibi tí o ti ní kí n lọ forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì, kí n má fi ẹnu ẹlòmíràn ṣe ẹnu mi títí n óò fi kú.

Mo délé, mo ní, "Kí ló dé tí o fò ó?"

Ó wolẹ̀. "Mama, if you sabi read, you no go see dem again."

"Nítorí lẹ́tà rẹ lo ṣe fẹ́ kí n kú sínú òkùnkùn?"

Ó sunkún. Mo jẹ́ kó sun ún. Nígbà tó parí, mo ní kó lọ bu oúnjẹ wá.

Mo lọ sí kíláàsì. Túsìdeè àkọ́kọ́, A ni wọ́n kọ́ wa. Mo délé, mo lọ wo àwọn méjì tó fara ti ara wọn. Wọ́n ti lọ. A ló dúró síbẹ̀, ó pe orúkọ ara rẹ̀ kí n tó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo dijú, mo tún là á, A ni. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Ọmọ náà kò parọ́ fún mi.

A wá jọ fẹnu kò: lẹ́tà tí Ṣùbòmí bá ti yà parí, tí mo sì ti ní ó dúró dáadáa, òun ni n óò lọ kọ́. Bí tísà bá kọ èyí tí a kò tíì parí sójú pátákó, mo máa ń dìde lọ mu omi. Tó bá yá, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ kó padà kọ́ mi. Ó ní, "Màmá, omi yìí mà ti pọ̀ jù o, ṣé kò sí?" Mo ní kó fi èmi àti òùngbẹ mi sílẹ̀. Motọ́lání tó ń jókòó lẹ́yìn mi ní òun kò rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣa lẹ́tà bí ẹni ń ṣa tòmátì rí.

Gbogbo wọn ti parí báyìí, ó ku ẹyọ kan. Ìyá Agbálẹ̀ ni mo ń pè é. Ó tẹ̀ bí arúgbó tó ń gbálẹ̀, ọmọ tó pọ̀n sì ti sọ̀ dé ìdí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyí tí Ṣùbòmí ti ní ó parí. Mo ní ẹ̀yìn rẹ̀ le, ó tẹ̀ ẹ́ sí i. Mo ní ọrùn rẹ̀ gùn, ó gé e kù. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò le. Ọrùn rẹ̀ kò gùn. Èmi ni mi ò fẹ́ kó lọ.

Ṣùbòmí ló ń kọ ìwé yìí bí mo ṣe ń sọ ọ́, Ọ̀gbẹ́ni Ọláyọdé ni yóò sì kà á padà fún mi kó tó kúrò nílé. Ṣùbòmí ti gbọ́ ohun tí mo sọ yẹn, ó dáwọ́ dúró, ó ń wò mí. Mo ní kó gbé Ìyá Agbálẹ̀ wá.

Mo ti wò ó báyìí, mo wò ó pẹ́. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ wọlé láti ojú fèrèsé, eruku ń léfòó nínú rẹ̀, ìyá náà ń gbálẹ̀ tirẹ̀, kò gbójú sókè. Mo ní, "Ó dúró dáadáa."

"Mama, you sure?"

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ó ní òun lè bẹ̀rẹ̀ àwọn mìíràn. Mo ní kó wá ojú mìíràn tí yóò máa bá a wò wọ́n. Ní Túsìdeè, mi ò ní dìde lọ mu omi.

Bá mi kí Èyítọ́pẹ́ àti gbogbo ilé. Kí Jíbọ́lá àbúrò rẹ, sọ fún un pé mi ò tíì gbàgbé ẹnu rẹ̀. Tí o bá fẹ́ kọ̀wé sí mi, kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà. Ìka mi ni yóò máa tẹ̀ lé e, yóò sì pẹ́ kó tó dé ìsàlẹ̀.

Èmi náà ni, ẹni tí ìwọ mọ̀,

Fadékẹ́.