Omi Tanpẹ́pẹ́

Màámi, ẹ kú àárò mi.

Ẹ ní kí n ṣàlàyé iṣẹ́ mi. Ásíìdì la máa ń dà sínú oje igi rọ́bà kó lè dì, kí wọ́n tó fi ṣe bàtà. Ó mọ́ gaara bí omi òjò, àmọ́ irú oró tanpẹ́pẹ́ ni, ìdí nìyẹn tá a fi ń pè é ní omi tanpẹ́pẹ́.

Láìpẹ́ yìí, ìbọ̀wọ́ ọ̀tún mi ya bí mo ṣe ń dà á. Ọ̀gá wa ní, "Àbúrò, ṣé tanpẹ́pẹ́ ò ta ẹ́ rí ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ara mi le.

Ìyá aránṣọ tó fi ẹ̀rọ ìránṣọ kan pamọ́ dè mí, ẹ ní kó gbé e fún ẹlòmíì. Ẹ bá mi kí bàbá mi. Ẹ má sì bínú pé ọwọ́ òsì ni mo fi kọ̀wé sí yín.