Mo Kí Ọsàn ní Pẹ̀lẹ́

Lọ́ńdọ̀nù, 1954

Ìyá mi, ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀ Fìdítì o.

Ara mi le koko. Ọsàn ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ wa ní abẹ́rẹ́ gígún, kò sì dùn tó ti oko yín. Bí mo ṣe gún un, ẹnu mi ní, "Pẹ̀lẹ́ o." Gbogbo kíláàsì fi mí rẹ́rìn-ín.

Bí àwọn aláìsàn kan bá ti rí àwọ̀ mi, wọ́n máa ń ní àwọn á dúró de dókítà mìíràn; mo sì ń ráyè kàwé dáadáa. Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó òyìnbó kan na apá rẹ̀ sí mi fún abẹ́rẹ́. Mo gún un, mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá." Ó bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀. Báyìí, bí mo bá ti wọ wọ́ọ̀dù, á pariwo, "Ẹ pẹ̀lẹ́, dókítà!"

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ má ṣàníyàn rárá: mo ti ní ẹni tó ń kí mi níbí.

Àkànbí yín