Abà Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Ìwé

Adja-Ouèrè,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kọkànlá, 1969.

Victorine, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú ìrọ́jú, mo sì kí Fágbèmí ọkọ rẹ. Ara tèmi le, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti sin Cécile, ọmọ yín tí èéyi pa.

Lọ́jọ́ náà o bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí àwọn alábẹ́rẹ́ èéyi dé Massè, wọ́n dé Tatonnonkon, tí wọn kò yà sọ́dọ̀ wa?" Mo ní ìjọba ló gbàgbé. Irọ́ ni mo pa. Èmi ni mo fà á.

Ní 1963, ọ̀gá kan wá láti Àjàṣẹ́, olú-ìlú wa, láti kọ orúkọ gbogbo abúlé agbègbè wa, kí ó sì fa ààlà wọn sórí ìwé. Èmi, akọ̀wé kékeré, ni wọ́n ní kí n mú un kiri. Ọjọ́ mẹ́jọ la fi rìn, láti orí ilẹ̀ pupa Ìkpinlè títí dé ibi tí ilẹ̀ dúdú ti bẹ̀rẹ̀, tí ẹrẹ̀ ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ẹni. Ibi gbogbo ló ti ń béèrè: ilé mélòó, odò wo, ta ni baálẹ̀, abẹ́ ta ni wọ́n wà?

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó ku Abà Àlàgbé nìkan. Òjò ti rọ̀, odò kún dé àyà. Ọ̀gá náà nawọ́ sí òdìkejì, ó ní, "Marcellin, ṣé ènìyàn ń gbé lọ́hùn-ún?" Mo mọ̀ pé ilé mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí, ilé ló wù mí í lọ. Mo ní, "Rárá o, wọ́n ti kó lọ sí Massè." Ó fa igi lé orúkọ abà náà, a sì yí padà.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ibẹ̀ lo fẹ́ ọkọ sí. Mo jó níbi ìgbéyàwó rẹ, n kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n ń pín kànga, mo dákẹ́. Nígbà tí àwọn alábẹ́rẹ́ mú ìwé yẹn lọ́wọ́, tí wọ́n ń tẹ̀ lé e láti abúlé dé abúlé, mo ṣì dákẹ́, kí iṣẹ́ mi má baà bọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, mo jẹ́wọ́ fún ọ̀gá wa níbi iṣẹ́. Ó ní, "Jókòó, kọ ọ́ síbi tó yẹ." Mo kọ orúkọ abà náà, mo kọ ti odò àti ti baálẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi iye ọmọdé, mo ti ka Cécile mọ́ wọn kí n tó rántí. Lẹ́yìn náà, ó gba kọ́kọ́rọ́ ibi iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ mi parí síbẹ̀.

N kò ní kí o dárí jì mí lónìí. Kí Ọlọ́run tù ọ́ nínú. Kí oyún inú rẹ di ọmọ, kó dàgbà, kó sì sin ọ́.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ṣẹ̀ ọ́,
Marcellin.

Àfikún: Àwọn alábẹ́rẹ́ ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan lọ oko. Èmi ni n ó fi ọ̀nà hàn wọ́n. Bí Fágbèmí kò bá fẹ́ rí mi, n ó padà.