Ìyá Tó Kọ̀ Láti Yí Ọjọ́ Padà: Ìgbésí Ayé Ardith Skaar, 1946–2024

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹsàn-án ọdún 1946, ní oko màlúù kan lẹ́yìn ìlú Halder Falls ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ni a bí ìyá wa ọ̀wọ́n, Ardith Louise, sínú ìdílé Emil àti Hulda Gruetzmacher. Àwọn Gruetzmacher kì í ṣe ọlọ́rọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí Emil bá sọ ní òwúrọ̀ ni yóò ṣe ní ìrọ̀lẹ́. Ardith ni àbíkẹ́yìn wọn, òun nìkan sì ni màlúù kì í ta nípàá nínú ilé náà.

Ilé-ìwé oníyàrá kan tó wà ní oríta ni màmá ti kọ́kọ́ kàwé kí wọ́n tó lọ sí ilé-ìwé girama Halder Falls, tí wọ́n sì jáde ní ọdún 1964. Olùkọ́ ìṣirò fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ síwájú ní yunifásítì, àmọ́ ẹsẹ̀ Emil dá lọ́dún yẹn, kò sì sí ẹni tí yóò fún wàrà. Màmá dúró. A kò gbọ́ kí wọ́n ráhùn rí.

Ní 1966, wọ́n fẹ́ Duane Prochnow, agégi, ní ṣọ́ọ̀ṣì Lutheran ti Zion. Ọlọ́run fi Lynette àti Craig ta wọ́n lọ́rẹ. Ní 1981, igi wó lu Duane nínú igbó, ó sì kú. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin ín ni Kermit Vandehey, dókítà eyín ìlú wa, wá sí ilé, ó ní òun ń wá ẹni tí yóò máa dáhùn tẹlifóònù. Màmá gba iṣẹ́ náà. Nígbà tó yá, obìnrin tó ń bá ilé-iṣẹ́ adójútòfò ṣe owó ìtọ́jú kó lọ sí ìlú mìíràn, iṣẹ́ rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ màmá.

Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ iṣẹ́ náà nítorí ẹnu yín ni wọ́n fi ṣe é. Eyín àtọwọ́dá tó ṣeé yọ, èyí tí a fi ń dí àlàfo láàárín eyín ẹni, kì í ṣe oríṣi kan. Ti òkè ní kóòdù tirẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí a ń kọ sórí fọ́ọ̀mù adójútòfò, ti ìsàlẹ̀ ní tirẹ̀. Onírin kò bá oníke pín kóòdù kan náà. Èyí tí a ń lò fúngbà díẹ̀ kí ojúlówó tó dé tún dá yàtọ̀. Bí a bá kọ ọ̀kan dípò èkejì, adójútòfò á dá a padà, aláìsàn á sì máa fi erìgì jẹun. Màmá fẹ́ràn iṣẹ́ yìí dé ibi tí wọ́n fi ń wo ẹnu àlejò nídìí tábìlì. Craig a máa ní, “Màámi, ẹ jẹ́ kí ọkùnrin yẹn jẹun. Ẹ má ka eyín ẹ̀ mọ́.”

Ní oṣù Kìíní ọdún 1994, ilé-iṣẹ́ bébà tó gba ọ̀pọ̀ ará ìlú wa síṣẹ́ kéde pé òun ń kógbá sílé. Ètò adójútòfò àwọn òṣìṣẹ́ yóò parí ní ọjọ́ ìkẹyìn oṣù Kejì. Àwọn tó ti ń sún eyín ṣíṣe síwájú láti ọdún pípẹ́ rọ́ dé ọ̀dọ̀ Dókítà Vandehey. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí eyín bá wọ ẹnu aláìsàn ni adójútòfò náà ń wò, kì í ṣe ọjọ́ tí dókítà gba àwòṣe ẹnu tí a óò fi ṣe é, eyín ṣíṣe sì máa ń pẹ́.

Dókítà, tó jẹ́ aláàánú, pe màmá sí yàrá. “Ardith, ọjọ́ tí a gba àwòṣe ni kó o kọ. Àwọn èèyàn wa ni. Ta ló máa mọ̀?”

“Dókítà, ẹ̀yin á mọ̀, èmi náà á mọ̀. Tí wọ́n bá sì rí i, ọwọ́ àwọn èèyàn wa yìí náà ni wọ́n á ti gba owó padà, nígbà tí wọn ò níṣẹ́ mọ́.”

“Ṣé kí n wá ní kí wọ́n máa lọ ni?”

“Rárá o. Ẹ ṣílẹ̀kùn ní Sátidé àti Sọ́ńdè. Ẹ jẹ́ kí n pe Casimir.”

Dókítà bínú, ó sì ti ilẹ̀kùn gbàmù. Ní ọjọ́ kejì, ó gbé kọfí ka iwájú màmá. “Ó dáa. Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn.”

Casimir Ledvina ló ń bá dókítà ṣe eyín, ní ìlú Wausau. Ó pariwo lórí tẹlifóònù: “Ardith, ṣé ọwọ́ mẹ́jọ ni Ọlọ́run fún mi ni?”

“Méjì náà tó, tó o bá yé fi wọ́n mu sìgá.”

Casimir pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì padà sídìí iṣẹ́. Àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì ń gbé oúnjẹ gbígbóná lọ fún wọn. Ní ọjọ́ ìkẹyìn oṣù náà, yìnyín bo ọ̀nà, ọkọ̀ Casimir sì yọ̀ sínú kòtò pẹ̀lú eyín tó kù. Àwọn tó ń dúró de eyín náà gan-an ló gbé katakata lọ fà á jáde. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọkùnrin tó ti ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín ń yánu gbàgàdà níwájú dígí.

Ẹnì kan ló ṣẹ́kù: Orlin Skaar, tó ń darí ẹ̀rọ bébà. Irin eyín tirẹ̀ ti wọ́ nínú kòtò, kò sì jókòó sẹ́nu. Casimir gbé e padà lọ tún ṣe, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló tó wọ ẹnu Orlin. Ọjọ́ yẹn gan-an ni màmá kọ. Adójútòfò kọ̀, màmá bẹ̀ wọ́n, wọ́n tún kọ̀.

Orlin wọlé pẹ̀lú ìbínú. “Gbogbo ìlú lo bá gbà á, àfi èmi! Ọjọ́ díẹ̀ péré lo ò lè fi jìn mí?”

“Orlin, tí mo bá yí tìẹ, mo ti fi ti gbogbo wọn wewu.”

Casimir, tó wà níbẹ̀, ní, “Èmi ni mo gbé e jù sí kòtò. N ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ.” Dókítà ní òun náà ò gbà. Orlin dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ó sì jáde láìwo ojú màmá.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, adójútòfò rán obìnrin kan wá láti yẹ iṣẹ́ wò. Ó fura pé eyín ìlú kékeré kan pọ̀ jù lóṣù kan. Ó yẹ̀ ẹ́ wò títí ó fi kan ti Orlin.

“Ọjọ́ díẹ̀ péré ló fi pẹ́. Kí ló dé tẹ́ ò yí i?”

“Ọjọ́ tó wọ ẹnu ẹ̀ nìyẹn.”

Obìnrin náà pa fáìlì náà dé. “Ẹni tó bá fẹ́ purọ́, eléyìí ni ì bá kọ́kọ́ yí.” Ó palẹ̀ mọ́, ó sì lọ. Kò sí ará ìlú kankan tí wọ́n ní kó dá owó padà.

Orlin gbọ́. Ní alẹ́ Fúráìdé, níbi tí gbogbo wa ti máa ń pé jọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ jẹ ẹja díndín, ó gbé àwo rẹ̀ wá sí tábìlì màmá. “Ardith, ìbínú yìí ti sú mi. Ṣé mo lè jókòó?”

“Jókòó. Ṣùgbọ́n rọra jẹ ẹja yẹn, egungun wà níbẹ̀.”

Wọ́n ṣègbéyàwó ní 1996. Orlin kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, màmá sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin níṣẹ́ kóòdù eyín títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní 2012. Lẹ́yìn ìsìn, màmá ni wọ́n ń po kọfí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó le bí oògùn, kò sì sẹ́ni tó láyà láti sọ.

Màmá sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹrin ọdún 2024. Wọ́n fi ọkọ wọn Orlin sílẹ̀, àti Lynette àti Craig, àwọn ọmọ-ọmọ mẹ́ta, Tessa, Joel àti Corinne, pẹ̀lú Marit, ọmọ Tessa. Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ni a gbé Marit jókòó sórí ibùsùn wọn. Màmá ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, wọ́n rí eyín àkọ́kọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. “Eléyìí,” wọ́n ní, “kò nílò kóòdù kankan.”

Ẹ sùn ire, ọmọ Gruetzmacher. Kí ilẹ̀ tẹ́jú fún yín, kí ilé yín má ṣófo láé.